Ọkùnrin Tó Ṣí Irú Wò ní Ọjọ́ Kejì

Ọkùnrin kan wà tó máa ń sọ pé imú òun kì í ṣìnà. Kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣeré. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún àlejò.

Ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan ní Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni olórí ilé ìkẹ́rùsí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn láàárín àwọn àpò àlìkámà, kí ó máa fi ọwọ́ kàn wọ́n, kí ó sì máa gbọ́ òórùn wọn. Àpò tó bá gbóná láìjẹ́ pé oòrùn pa á, inú rẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn. Àpò tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, bákan náà ni. Yóò fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, wọn yóò sì gbé e dànù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sàmì sí àpò tó dára rí. Jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ àlìkámà, imú rẹ̀ kò ṣìnà lóòótọ́.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í fi imú náà sílẹ̀ sí ilé iṣẹ́ bó bá ń lọ sílé.

Onígbàgbọ́ ni, olùkọ́ sì ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ìyọnu bá bá ẹnì kan nínú ìjọ, ọkùnrin yìí yóò fa imú, yóò ní, “Ohun tó bá ń rùn ti bàjẹ́. Ọlọ́run kì í dé ọmọ Rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ bá rí tí a dé mọ́lẹ̀, ẹ ṣí i wò, ẹ ó bá ẹ̀ṣẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀.” Nígbà kan, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ já bọ́ láti orí àwọn àpò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, oṣù méje ni ó fi wà lórí ibùsùn. Ọkùnrin wa lọ kí i. Ó gbé búrẹ́dì dání. Ó gbàdúrà gígùn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ máa lọ, ó yíjú padà, ó ní, “Arákùnrin, ẹ yẹ ara yín wò.” Aláìsàn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún búrẹ́dì.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ńlá, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní kò ní ju oṣù kan lọ tí Olúwa yóò fi ṣí ìlẹ̀kùn mìíràn, pé òun ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bọ̀. Oṣù kan kọjá. Oṣù mẹ́rin kọjá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ara tirẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó rántí. Ó jẹ́wọ́ máńgòrò tó jí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ kò yọjú.

Ní oṣù kẹjọ, ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kan ṣoṣo, wọ́n lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọkùnrin tó bá ń gbé ilé àna rẹ̀, adìẹ ilé pàápàá mọ̀ pé àlejò ni.

Opó ni ìyá ìyàwó náà. Irú ni ó ń ṣe. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, irú ni ó fi ń bọ́ gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, alájàpá kan máa ń ti ìgboro wá, yóò kó gbogbo irú tó bá wà nílẹ̀, yóò sì fi oúnjẹ àti ohun èlò sílẹ̀ fún ilé náà. Bí alájàpá bá wá tí kò bá irú, kò ní jókòó sunkún. Abúlé tó wà níwájú, wọ́n ń ṣe irú níbẹ̀ náà. Yóò yà síbẹ̀, kò sì ní padà mọ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ ti dé. Kóró irúgbá ti wọ́n. Ìwọ̀n tó tó sísè ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù nínú ilé: wọ́n fẹ́ se ọ̀kan lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì fẹ́ fi èkejì pamọ́ de ìgbà tí igi irúgbá yóò tún so. Oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin wà lórí ẹ̀ẹ̀mejì yìí.

Ìyá àti ọmọ rẹ̀ se ọ̀kan. Wọ́n gbé kóró kaná ní òwúrọ̀, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sọ̀ ọ́. Wọ́n da eérú sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo rẹ̀ fi bó. Wọ́n fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n tún un sè. Wọ́n wá dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n fi igbá dé e, wọ́n kó àpò lé igbá, wọ́n sì fi aṣọ mẹ́ta dì í bí aboyún tí òtútù ń mú. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ti ń jẹ irú láti kékeré, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é rí. Ẹni tó bá dàgbà sí ìgboro, inú ọbẹ̀ ni ó ti mọ irú.

Àwọn obìnrin ìjọ ní ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ìlú kejì, ìyá yìí sì ni olórí wọn. Orúnkún rẹ̀ kò dára, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ní láti bá a lọ. Ní ìdájí ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo apẹ̀rẹ̀ yìí. Ẹ máa ti igi kan ṣoṣo sí ààrò, kí ibẹ̀ má bàa tutù. Ẹ má ṣí i. A ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀.”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣọ́ oúnjẹ. Kò sí oúnjẹ tó lè ṣe ohun kan tí imú mi ò ní mọ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ pọ̀n. Ó ní, “Bàbá Jọládé, wọ́n ní ẹ má ṣí i o.”

“Mo gbọ́. Àbí wọ́n ní etí mi ti di ni?”

“Etí yín kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.”

Wọ́n lọ. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè kọjá ní ìrọ̀rùn. Ó ka Bíbélì, ó ti igi sí ààrò, ó jẹ gààrí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó fẹ́ mú ìgbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ó gbóná. Ó wo ààrò. Iná ti kú láti òwúrọ̀, eérú lásán ló wà níbẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó tẹ̀ ba, ó fa imú. Òórùn tó gbọ́ kì í ṣe ti irú tó mọ̀. Bí ìlédìí ọmọ tó sùn mọ́jú ni.

Ohun tó ń gbóná láìsí iná, tí òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. O mọ ohun tí ọdún mọ́kàndínlógún sọ fún un.

Ó tú aṣọ mẹ́ta. Ó kó àpò kúrò. Ó ṣí igbá, ó ká ewé. Kóró náà ti dúdú díẹ̀, nǹkan funfun kan bò wọ́n bí òwú aláǹtakùn, nígbà tó sì fi ìka mú ọ̀kan, ó yọ̀, ó fà bí ilá. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”

Kò bínú o. Inú rẹ̀ dùn. Láti oṣù kẹjọ ni ó ti ń bi Ọlọ́run pé kí ni òun wá ṣe ní abúlé àna òun. Ó ti rí èsì. Ọlọ́run mú un kúrò ní Ìbàdàn kí ó lè gba irú ìyá ìyàwó rẹ̀ là. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sídìí kànga. Ó fọ kóró náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí yíyọ̀ yẹn, ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kejì. Ó sá wọn sórí ẹní nínú oòrùn àti ọyẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbẹ, wọ́n mọ́, wọ́n ń dán. Ó tẹ̀ ba, ó gbọ́ òórùn wọn. Wọn kò rùn rárá. Ó sun oorun gidi lóru ọjọ́ náà.

Àwọn obìnrin dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Orin ni wọ́n ń kọ bọ̀. Ìyá rí ẹní tó wà nínú ọgbà, orin sì dúró ní àárín gbólóhùn.

“Ta ló ṣí i?”

“Èmi ni, Màmá. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ká ní n kò sí nílé ni, gbogbo rẹ̀ ni ì bá bàjẹ́.” Ó sì sọ gbogbo bó ṣe rí fún un, láti orí ooru títí dé orí ọṣẹ.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa kóró kan, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀. Ó wá jókòó sórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, “ẹ” ni ìyá náà ń lò fún un, gẹ́gẹ́ bí àṣà àna sí àna. Lọ́jọ́ náà, “o” ni ó lò.

“Ọjọ́ kelòó lo ṣí i?”

“Ọjọ́ kejì, Màmá.”

“Wọ́n gbé Olúwa sí ibojì, wọ́n dé E mọ́lẹ̀, wọ́n fi òkúta dí I. Ta ló lọ ṣí I wò ní ọjọ́ kejì?”

Ọkùnrin náà wo kóró tó wà lórí ẹní. Olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi ni. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀.

“Ó gbóná ni, Màmá. Kò sì sí iná.”

“Inú rẹ̀ ni iná wà. Ooru yẹn ni iṣẹ́. Òórùn yẹn ni iṣẹ́. Ohun tí o pè ní ìbàjẹ́ yẹn gan-an ló ń sọ kóró di irú. Èyí tó wà lórí ẹní yìí kò rùn. Òótọ́ ni. Wò ó bó ṣe mọ́. Kò sí ọbẹ̀ kan láyé yìí tí wọ́n lè fi í sè.”

Kò pariwo. Ó dìde, ó wọlé. Ká ní ó pariwo ni, ọkùnrin náà ì bá sùn.

Ní Sátidé, alájàpá dé pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ó wo orí ẹní. “Ìyá, kí lẹ sá yìí? Ẹ ti ń ta ẹ̀wà ni?”

“Irú ni. Àna mi ló fọ̀ ọ́.”

“Ó fọ irú?”

“Pẹ̀lú ọṣẹ.”

Alájàpá wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. “Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ ṣèrìbọmi fún un ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró dè mí ní ìgboro ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo lè fún yín. Bí n kò bá bá irú, mo ti mọ ọ̀nà abúlé iwájú.”

Kò sí ohun mìíràn nínú ilé ju kóró ìkẹyìn lọ, èyí tí wọ́n fi pamọ́. Ìyá gbé e jáde. Ó gbé e síwájú ọkùnrin náà.

“Ìwọ lo máa ṣe é.”

Ọkùnrin kì í ṣe irú ní abúlé yẹn. Ó ṣe é. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó ru igi láti oko, ó gbé kóró kaná, ó sì jókòó tì í mọ́jú. Ní Túsìdeè, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú eérú àti kóró gbígbóná, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń lọ sódò dúró wò ó. “Ìyá Onírú, ẹ kú iṣẹ́ o!” Ó ní, “Ẹ ṣeun.” “Ìyá Onírú, ẹ rọra o, ẹ má bàa ta lé aṣọ!” Ó ní, “Ẹ ṣeun.” Nígbà tí èèpo fi bó tán, eérú ti jẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ti là.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé apẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ náà le ju ti ìṣáájú lọ. Ìyá fi aṣọ mẹ́ta dì í, ó mi orí. “Kò ní tó.” Ọkùnrin náà wọlé, ó sì gbé kóòtù kan jáde. Òun ni ó fi ń lọ sílé Ọlọ́run, kò sì sí òmíràn.

“Kóòtù ìsìn rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Ìyá kò sọ pé rárá. Wọ́n dà á bo apẹ̀rẹ̀, wọ́n so apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra.

Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ooru dé. Òórùn dé. Ìmọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún dìde nínú rẹ̀, ó ní kí ó ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti na jáde kí ó tó mọ̀. Ó fà á padà, ó fi sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e lórí.

Ìyá wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó rí i. 

“Màmá,” ni ọkùnrin náà wí nígbà tó pẹ́, “kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi mí ṣe?”

“Irú kì í bèèrè ọbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bù ú sí ìkòkò ló ń mọ̀.” Ó ṣa ewé mélòó kan. “Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan. Ẹnikẹ́ni kì í ṣe irú fún irú jẹ.”

“Kò yé mi, Màmá.”

“Nígbà tí bàbá ìyàwó rẹ kú, ọdún méjì ni wọ́n fi dé mi mọ́lẹ̀. Mo rò pé mo ti jẹrà. Mo sọ fún Olúwa bẹ́ẹ̀, lójú Rẹ̀. N kò rí èsì gbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí Òun náà ti sùn síbẹ̀ rí. Àwọn obìnrin tí mo lọ bá lọ́sẹ̀ tó kọjá, opó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá wà níbẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Oníwàásù ń bẹ níbẹ̀, akọrin ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì sunkún. Ṣé o rò pé mo fi irú sílẹ̀ lọ ṣe fàájì ni?”

 Ọkùnrin náà jókòó lórí ọwọ́ rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn, kò sì bèèrè iṣẹ́. Ó kàn ń sọ fún Olúwa pé òun wà níbẹ̀.

Ní Jímọ̀, ìyá ni ó ṣí i. Gbogbo ilé gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó sì da iyọ̀ sí i. Ní Sátidé, alájàpá mú díẹ̀ sẹ́nu, ó di ojú.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Ọmọ mi ni,” ni ìyá wí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ láti inú ilé. Ìyá kò pè é ní àna mọ́, kò sì lo “ẹ” fún un mọ́ títí ayé. Ọkùnrin náà sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun kò fẹ́ kí ìyá padà sí “ẹ”.

Alájàpá kó irú náà tán. Ilé náà jẹun. Ṣùgbọ́n kóró kò sí mọ́, nítorí náà títí irúgbá fi tún so, ọkùnrin náà ni ó ń fi ẹsẹ̀ rin oko dé oko ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tó ń bẹ àwọn àgbẹ̀ fún èyí tó bá kù sí ìsàlẹ̀ àpò wọn.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, ó wọ kóòtù lọ sí ilé ìsìn. Ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sá a sínú ọyẹ́. Irú kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí ìjókòó kẹta níwájú. Kí wọ́n tó kọ orin kìíní tán, ìjókòó náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ọkùnrin kan jáde lọ wúkọ́, kò padà. Obìnrin kan dìde lọ gbé ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn. Ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú èrò wá tẹ̀ ba létí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ohun kan ò kú sínú àpò yín?”

“Rárá. Irú ni.”

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde, olórí ìsìn wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí kì í pẹ́ kí ó tó dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde.

Ẹnì kan wá láti ẹ̀yìn, ó sì jókòó tì í. Àgbẹ̀ kan ni, ilé rẹ̀ ti jóná, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sun inú abà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Ẹ jẹ́ n jókòó tì yín. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ jókòó tì mí.”

“Ẹ jókòó.”

“Olùkọ́ ni yín. Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní kí n wádìí ara mi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló máa ń jó ilé?”

“N kò mọ̀,” ni ọkùnrin náà wí. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé ìsìn rí. Ó sún mọ́ àgbẹ̀ náà. “Ọjọ́ kelòó nìyí?”

“Ó di oṣù mẹ́fà.”

“Mo ń bọ̀ wá bá yín.”

 Nígbà tí ìsìn parí, kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ó bá àgbẹ̀ náà lọ síbi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ kóòtù, ó wọ inú ẹrẹ̀ tí àgbẹ̀ náà ń pò fún ògiri. Gìgísẹ̀ rẹ̀ tó là kò tíì jinná, ẹrẹ̀ náà sì ń ta á bí ata. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń padà lọ síbẹ̀, títí wọ́n fi kan òrùlé lé e. Nígbà mìíràn, àgbẹ̀ náà á sọ̀rọ̀, òun á sì gbọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á jọ dákẹ́.

N kò ní parọ́ fún ọ. Ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun náà kò ṣí mọ́.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o jókòó síwájú mi, o ní kí n sọ ìtumọ̀ ohun tó dé bá ọ. O ní inú rẹ ń gbóná, o kò sì rí ẹni tó dáná. O ní àwọn ènìyàn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá lára rẹ. Mo gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Má ṣí ara rẹ ṣáájú àkókò. Má lọ fi ọṣẹ fọ ara rẹ nídìí kànga kí o lè mọ́ lójú àwọn tí kò ní fi ọ́ se ọbẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà, jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Olúwa kì í ṣe adití. Lẹ́yìn náà, jókòó. Ẹni tó dé ọ mọ́lẹ̀ mọ ọjọ́ tó kù, nítorí Òun fúnra Rẹ̀ ti ka ọjọ́ náà nínú òkùnkùn, kò sì jáde wá nítorí ara Rẹ̀ nìkan.

N kò mọ ọbẹ̀ tí Ó fẹ́ fi ọ́ sè. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbì kan nísinsìnyí, ebi ń pa á, ó sì ń dúró de ọbẹ̀ náà.